Ilé ọkọ̀ tí kò lè mí: bí ooru, ọ̀rinrin àti eruku ṣe ń jẹ dúkìá wa run

Bí Iléyá bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń gbé Èkó, Ìbàdàn àti òkè òkun bá ń múra àtiwálé fún Ojúde Ọba, ọ̀pọ̀ ilé tó ti wà ní títì láti èṣí ni wọn yóò ṣí. Ní Ìjagun, ní Ìjẹ̀bú-Òde àti ní àwọn ìletò tó yí wọn ká, ilé ọkọ̀ wà lára ibi tí onílé máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Àgádágodo á le koko. Ilẹ̀kùn irin á máa han. Bí ó bá sì ṣí tán, òórùn bíi ti aṣọ tí a ká ní tútù ni yóò kọ́kọ́ kí onílé káàbọ̀. Gàárì ẹṣin tí wọ́n gbé kọ́ lẹ́yìn ọdún tó kọjá ti hu funfun bí òwú. Àpò sìmẹ́ńtì tó ṣẹ́ kù níbi iṣẹ́ ilé ti di òkúta. Sípánà àti ayùn ti dípẹtà. Eruku pupa sì ti bo gbogbo rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fi osùn kùn ún.

Ohun tí onílé máa ń sọ kò ju ẹyọ kan lọ: "Ṣebí mo ti ilẹ̀kùn pa dáadáa kí n tó lọ?" Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. A mọ bí a ṣe ń dènà olè ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n olè mẹ́ta mìíràn wà tí àgádágodo kò lè dá dúró. Ooru ni èkínní, ọ̀rinrin ni èkejì, eruku ni ẹ̀kẹta. Díẹ̀díẹ̀ ni eku ń jẹ awọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn mẹ́ta yìí ṣe ń jẹ dúkìá, tí ẹnikẹ́ni kò ní í mọ̀ títí ọjọ́ tí a bá fẹ́ lo nǹkan. Nígbà mìíràn pàápàá, ilẹ̀kùn tí a tì pinpin náà ni ó ń ran olè lọ́wọ́.

Gáréèjì tí à ń wí yìí kì í ṣe ibùdókọ̀ tí àwọn awakọ̀ ti ń pe èrò o. Ilé ọkọ̀ ni, yàrá tó lẹ̀ mọ́ ilé gbígbé tàbí tó dá dúró nínú ọgbà. Lọ́dọ̀ tiwa, ọkọ̀ nìkan kọ́ ni ó ń gbé ibẹ̀. Ibẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀ wà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbé bátìrì ínfátà sí láti ìgbà tí owó epo bẹntiróòlù ti fò sókè, lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ kéde òpin owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023. Ibẹ̀ náà ni à ń kó ẹ̀rọ ìránṣọ àtijọ́ sí, àga àti ìkòkò ìnáwó, àpò àgbàdo, àti páálí ìwé àwọn ọmọ tó ti jáde ní yunifásítì tí wọ́n fi orúkọ Tai Solarin sọ ní Ìjagun. Nítorí náà, bí ilé ọkọ̀ bá bàjẹ́, ọ̀pọ̀ owó ni ó bá a lọ. Bí a bá sì ṣì í lò, ẹ̀mí lè bá a lọ pẹ̀lú, gẹ́gẹ́ bí a ó ṣe rí i níwájú.

Omi tí ojú kò rí

Afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú ní omi nínú, bí a kò tilẹ̀ rí i. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe gbóná tó, bẹ́ẹ̀ ni omi tó lè gbé ṣe ń pọ̀ tó. Ẹ jẹ́ kí á mú àpótí ńlá kan tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan. Bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá gbóná dé 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó lè gbé omi tó tó nǹkan bíi gíráàmù 30. Bí ó bá tutù dé 20, nǹkan bíi gíráàmù 17 péré ni agbára rẹ̀ ká. Níbo wá ni ìyókù yóò lọ? Yóò padà di omi, yóò sì sẹ̀ sára ohunkóhun tó bá tutù nítòsí. Ohun tí ó ń di ìrì lórí koríko ní òwúrọ̀ nìyẹn. Òun náà ni ó ń sẹ̀ sára ìgò mínírà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ jáde nínú fíríìjì. Ìgò náà kò jò. Inú afẹ́fẹ́ ni omi ara rẹ̀ ti wá.

Àwọn onímọ̀ a máa fi ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ṣe òṣùwọ̀n ọ̀rinrin. Bí afẹ́fẹ́ bá gbé ìdajì omi tí agbára rẹ̀ ká, 50 ni wọn yóò pè é. Bí ó bá kún dẹ́nu, ó di 100. Irin a máa tètè dípẹtà bí ọ̀rinrin bá ti kọjá nǹkan bíi 60. Awọ, aṣọ, ìwé àti pákó a máa bu bí ó bá wà ní òkè 70 tàbí 80 fún ọjọ́ pípẹ́, nítorí pé ohun tí à ń rí tó funfun lórí wọn jẹ́ ẹ̀yà olú wẹ́wẹ́, olú kì í sì í hù níbi gbígbẹ. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kò jìnnà sí ọ̀sà àti òkun. Láti nǹkan bí oṣù kẹta tàbí oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá tí òjò ń rọ̀, ọ̀rinrin òwúrọ̀ níbẹ̀ sábà máa ń kọjá 80. Èyí fi hàn pé fún èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún, afẹ́fẹ́ ìta nìkan ti tó láti ba nǹkan jẹ́, àní kí òrùlé má tilẹ̀ jò rárá.

Àwọn onílù ti mọ èyí tipẹ́tipẹ́. Bí ojú ọjọ́ bá rin, awọ dùndún á dẹ̀, ohùn rẹ̀ á rẹlẹ̀, àyàn á sì gbé e sínú oòrùn tàbí kí ó yá a níná kí ó tó lè sọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ. Bí ọyẹ́ bá dé, awọ kan náà á le tantan. Ìlù kò yí padà. Awọ rẹ̀ ni ó ń mu omi inú afẹ́fẹ́ tí ó sì ń tú u sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni gàárì ẹṣin, bẹ́ẹ̀ ni ìwé, bẹ́ẹ̀ ni àpò sìmẹ́ńtì. Gbogbo wọn ń mu omi láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni da omi lé wọn lórí.

Ohun tí àwọn baba wa ṣe

Kì í ṣe òní ni ọ̀rinrin bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa jà. Àwọn baba wa gbé àká wọn sórí òpó kí ọ̀rinrin ilẹ̀ má baà dé ibi ọkà. Wọ́n so àgbàdo rọ̀ sókè ààrò, wọ́n tọ́jú ẹja sórí àjà, kí ooru àti èéfín iná ìdáná lè máa gbẹ ẹ́ lójoojúmọ́. Wọ́n fi òróró pa ojú àdá àti ọkọ́ kí wọ́n tó fi í pamọ́, kí omi má baà ríbi kan irin.

Gààrí Ìjẹ̀bú pàápàá, tí gbogbo ayé mọ̀ wá mọ́, ẹ̀kọ́ lórí ọ̀rinrin ni. A rin ẹ̀gẹ́, a fún omi rẹ̀ tán lábẹ́ ẹrù wíwúwo, a yan án nínú agbada títí yóò fi gbẹ táútáú. Òfin oúnjẹ tí àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé jọ fọwọ́ sí tí wọ́n ń pè ní Codex sọ pé omi inú gààrí kò gbọdọ̀ ju ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹni tó bá gbé gààrí bẹ́ẹ̀ sínú ilé ọkọ̀ tó rin, tó sì ṣí ẹnu àpò sílẹ̀, ó ti sọ iṣẹ́ ìyá tó yan án di òfo.

Àká, àjà àti òróró àdá: ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni wọ́n kọ́ wa. Gbé nǹkan kúrò nílẹ̀. Jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa rìn láàrin wọn. Fi ohun tí omi kò lè gbà kọjá bo ohun tí omi lè pa. Gbogbo ohun tí ẹ̀rọ òde òní ń ṣe, lórí mẹ́ta yìí náà ni ó dúró lé.

Ọ̀nà mẹ́rin tí omi ń gbà wọlé

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Kí onílé tó náwó sórí ohunkóhun, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ ibi tí ògiri tirẹ̀ ti lanu, nítorí pé oògùn ọ̀kan kì í wo èkejì.

Ọ̀nà kìn-ín-ní ni òrùlé. Ojú ìṣó páànù tó ti gbòòrò, páànù tó ti dípẹtà, tàbí ibi tí òrùlé ilé ọkọ̀ ti pàdé ògiri ilé gbígbé, níbẹ̀ ni òjò ti ń wọlé. Àmì rẹ̀ ni àbàwọ́n aláwọ̀ ilẹ̀ lára àjà ilé tàbí lókè ògiri. Ẹ wọ ibẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì nígbà tí òjò bá ń rọ̀ gan-an. Ojú òjò ni a ti ń mọ ibi tó ń jò.

Ọ̀nà kejì ni ilẹ̀. Bùlọ́ọ̀kù àti kọnkéré a máa fa omi láti inú ilẹ̀ sókè, gẹ́gẹ́ bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo. Ìdí nìyẹn tí bíríkìlà tó mọ iṣẹ́ fi máa ń tẹ́ ọ̀rá tó nípọn kí ó tó da kọnkéré ilẹ̀ ilé, èyí tí wọ́n ń pè ní jámánì fulọ́ọ̀. Bí wọ́n bá fo ìgbésẹ̀ yìí dá nítorí àtidín owó kù, onílé ni yóò máa san gbèsè rẹ̀ fún gbogbo ọjọ́ ayé ilé náà. Àmì rẹ̀ ni ọ̀dà tó ń ṣí kúrò ní ìsàlẹ̀ ògiri, àti ìyẹ̀fun funfun bí iyọ̀ tó ń yọ síbẹ̀.

Ọ̀nà kẹta ni afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ilẹ̀ kọnkéré á tutù. Ní ọjọ́ kẹrin, oòrùn yóò yọ, afẹ́fẹ́ gbígbóná tó kún fún omi yóò wọlé, yóò sì pàdé ilẹ̀ tútù náà. Kíá ni ilẹ̀ yóò làágùn. Bí afẹ́fẹ́ bá gbóná dé 30 tí ọ̀rinrin rẹ̀ sì jẹ́ 80, ohunkóhun tó bá tutù ju nǹkan bíi 26 lọ ni ìrì yóò sẹ̀ sí lára. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti san owó fún àtúnṣe òrùlé nítorí omi yìí, láìmọ̀ pé òrùlé kò mọ̀ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ọ̀nà kẹrin ni àwa fúnra wa. Ọkọ̀ tí òjò pa tí a wà wọlé tí a sì tilẹ̀kùn mọ́ ọn, aṣọ tí a sá síbẹ̀ nítorí òjò, ilẹ̀ tí a fi omi fọ̀ ní ìrọ̀lẹ́: gbogbo omi wọ̀nyí yóò gbẹ, wọn yóò sì di ọ̀rinrin inú yàrá náà.

Ìdánwò kan wà tí kò náni ní ju ọ̀rá kan àti gọ́ọ̀mù lọ. Ẹ gé ọ̀rá tó mọ́ kedere tí ìbú rẹ̀ tó ìgbọ̀nwọ́ kan, ẹ tẹ́ ẹ sórí kọnkéré, ẹ fi gọ́ọ̀mù onítéèpù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pinpin, kí ẹ sì fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí omi bá wà lábẹ́ ọ̀rá, láti inú ilẹ̀ ni ó ti ń wá. Bí omi bá wà lójú rẹ̀, inú afẹ́fẹ́ ni. Bí ó bá wà ní ìhà méjèèjì, iṣẹ́ méjì ni ó wà nílẹ̀.

Bí a ṣe ń dí i

Ti òrùlé, kápẹ́ńtà ni yóò tún un ṣe. Ti ilẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ìta: bí ilẹ̀ ọgbà bá ga ju ilẹ̀ ilé ọkọ̀ lọ, tàbí tí omi òrùlé ń dà sí ìdí ògiri, gọ́tà àti ojú àgbàrá ni àtúnṣe àkọ́kọ́. Lẹ́yìn èyí ni a tó lè sọ̀rọ̀ ọ̀dà ilẹ̀ tí kì í jẹ́ kí omi gbà kọjá. Ẹni tó ṣì ń kọ́lé lọ́wọ́, kí ó rí i pé wọ́n tẹ́ ọ̀rá kí wọ́n tó da kọnkéré. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan bí a bá fi wé owó àtúnṣe.

Ti afẹ́fẹ́, ojú ihò ni oògùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ihò wà ní ìsàlẹ̀ ògiri kan, kí òmíràn sì wà lókè ògiri tó dojú kọ ọ́. Afẹ́fẹ́ gbígbóná a máa gòkè, yóò gba ti òkè jáde, afẹ́fẹ́ mìíràn yóò sì gba ti ìsàlẹ̀ wọlé. Bùlọ́ọ̀kù oníhò tàbí lúfà tí a fi nẹ́ẹ̀tì bò nítorí ẹ̀fọn àti eku ti tó. Ilé ọkọ̀ tí kò ní ihò kankan dà bí ẹni tí a dì nímú.

Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni ó yẹ kí á ṣí ilẹ̀kùn ńlá? Ẹ fi dígí kékeré kan sílẹ̀ lórí kọnkéré. Bí ẹ bá ṣílẹ̀kùn tí ìrì sì bo ojú dígí náà, afẹ́fẹ́ ìta ti tutù jù fún inú ilé láti gbà, ìyẹn ni pé omi ara rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹ tì í padà, kí ẹ dúró di ìgbà mìíràn. Bí ojú dígí bá mọ́, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé. Ẹni tó bá ní agbára lè ra ẹ̀rọ kékeré tó ń fi iye ọ̀rinrin hàn, kí ó sì gbìyànjú kí ó má jẹ́ kí ó kọjá 60 fún ìgbà pípẹ́.

Ẹ̀rọ tó ń fa omi inú afẹ́fẹ́ wà lóòótọ́. Àmọ́ nínú ilé ọkọ̀ tí abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, afẹ́fẹ́ gbogbo àdúgbò ni ẹ̀rọ náà yóò máa gbìyànjú láti gbẹ, owó iná yóò sì jẹ ẹlẹ́rọ̀ ní gbèsè. Bẹ́ẹ̀ náà ni àpò wẹ́wẹ́ tí ń bẹ nínú páálí bàtà tuntun: inú àpótí tó dé pinpin ni ó wúlò, kì í ṣe inú yàrá gbayawu.

Ní ti ẹrù, ẹ gbé e lé pákó tí a kàn pọ̀, kí ó ga tó ìwọ̀n ìka ọwọ́ mẹ́jọ sílẹ̀, kí ó má sì fara kan ògiri. Sìmẹ́ńtì pàápàá kò dára ní títọ́jú pẹ́. Láàrin oṣù mẹ́ta, agbára rẹ̀ ti máa ń dínkù. Ẹ lò ó tàbí kí ẹ tà á. Ẹ fi òróró pa irinṣẹ́. Ẹ má fi ọ̀rá bo ọkọ̀ tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ fún oṣù díẹ̀, nítorí pé ọ̀rá yóò há ọ̀rinrin mọ́ abẹ́ ara rẹ̀. Aṣọ tó lè mí ni kí ẹ fi bò ó. Gàárì, aṣọ òkè àti ìwé kò yẹ ní ilé ọkọ̀ rárá; yàrá inú ilé ni ipò wọn.

Ẹ̀pà àti àgbàdo náà kò yẹ níbẹ̀. Olú wẹ́wẹ́ kan tó ń hù lórí wọn bí wọ́n bá rin a máa mú oró kan tí wọ́n ń pè ní aflatoxin jáde, èyí tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ tó sì lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Sísè kì í mú oró náà kúrò tán. Àgbàdo tó ti bu kì í ṣe ohun tí a ń gbọn ìyẹ̀fun rẹ̀ nù kí á tó sè é, dídànù ni.

Ooru abẹ́ páànù

Ní ọ̀sán gangan ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, páànù tí oòrùn ń pa lè gbóná kọjá 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí kò bá sí àjà lábẹ́ rẹ̀, gbogbo ooru yìí ni yóò máa rọ̀ sórí ohun tó wà nísàlẹ̀. Bátìrì ni ó kọ́kọ́ ń jìyà rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe bátìrì olójé, irú èyí tó wọ́pọ̀ lára ínfátà, gbà pé 25 ni ìgbóná tó bá a lára mu. Bí ó bá fi nǹkan bíi 10 kọjá bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo, ọjọ́ ayé rẹ̀ á dín sí ìdajì. Bátìrì tó yẹ kí ó lo ọdún mẹ́rin á lo méjì, onílé á sì máa bú ẹni tó tà á fún un.

Àjà ilé tó ní ihò ní ìhà méjèèjì, ọ̀dà funfun lórí páànù, àti ihò òkè ògiri tí a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ a máa dín ooru yìí kù gan-an. Ẹ gbé bátìrì sí ìhà tí oòrùn ọ̀sán kì í dé, kí ẹ sì jẹ́ kí ibẹ̀ ní afẹ́fẹ́, nítorí pé bí bátìrì olójé bá ń gba iná, a máa tú afẹ́fẹ́ kan jáde tó lè gbiná. Nítorí èyí, bátìrì àti kẹ́ẹ̀gì epo kò gbọdọ̀ jọ gbé. Èéfín bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ilẹ̀ ni ó ń fà lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí yóò fi dé ibi tí iná bá wà. Gáàsì ìdáná náà rí bẹ́ẹ̀. Ìta ni ipò wọn, lábẹ́ ìbòòji.

Eruku ọ̀nà àti eruku ọyẹ́

Eruku méjì ni ó ń bẹ̀ wá wò. Ti àkọ́kọ́ ni eruku pupa ọ̀nà tí a kò da ọ̀dà sí, tí táyà ọkọ̀ ń tú sókè. Èkejì ni ti ọyẹ́, tó máa ń dé láàrin oṣù kejìlá sí oṣù kejì. Èyí kì í ṣe ti àdúgbò. Láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni afẹ́fẹ́ ti ń gbé e wá, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń wá láti ilẹ̀ gbígbẹ kan tó ń jẹ́ Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, níbi tí adágún ńlá wà ní ayé àtijọ́. Ó kúnná tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń gba ojú nẹ́ẹ̀tì wọlé.

Eruku kì í ṣe ìdọ̀tí lásán. Bí ó bá bà lé irin, a máa fa ọ̀rinrin mọ́ra, irin náà á sì tètè dípẹtà bí òjò bá dé. Nítorí náà, kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀ ni ó yẹ kí á nu eruku ọyẹ́ kúrò. Ẹ má fi ọwọ̀ gbá a ní gbígbẹ, nítorí pé ńṣe ni yóò gbéra nílẹ̀, tí yóò sì bà lé ibòmíràn, títí kan inú ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó ń gbálẹ̀. Aṣọ tí a rẹ sínú omi tí a sì fún dáadáa ni kí ẹ fi nù ún, kí ẹ sì fi nǹkan bo imú. Ilẹ̀ tí a kùn ní ọ̀dà kì í tú eruku sìmẹ́ńtì sílẹ̀. Rọ́bà tí a kàn mọ́ abẹ́ ilẹ̀kùn a máa dí àlàfo tí ọ̀pọ̀ eruku ń gbà wọlé, a sì tún máa dènà eku àti ejò. Bí ilé bá jẹ́ ti àtijọ́ tí àjà rẹ̀ jẹ́ asbẹ́sítọ́ọ̀sì, ẹ má ha á, ẹ má fọ́ ọ. Eruku rẹ̀ léwu fún ẹ̀dọ̀fóró.

Èyí tó ń pani

A ti ń sọ̀rọ̀ dúkìá bọ̀. Ẹ jẹ́ kí á wá sọ ti ẹ̀mí. Bí òjò bá ń rọ̀, tí ẹ̀rù olè sì ń bani, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé ọkọ̀ tó lẹ̀ mọ́ yàrá tí wọ́n ń sùn. Àwọn kan tilẹ̀ gbà pé ooru ẹ̀rọ náà yóò bá wọn gbẹ ọ̀rinrin. Àwọn mìíràn a gbé àdògán èédú síbẹ̀ nítorí ìdí kan náà. Ikú ni wọ́n ń pè wọlé.

Ẹ̀rọ tó ń jó epo àti èédú tó ń jó a máa tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Bí a bá mí in sínú, ó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ní ìlọ́po tó lé ní 200 ju bí afẹ́fẹ́ rere ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ, ara kò sì ní rí afẹ́fẹ́ tó ń fúnni ní ìyè gbà mọ́. Orí á máa fọ́ni, òòyì á máa kọ́ni, èébì á máa gbéni, à á sì rò pé ibà ni. Ẹni tó ti sùn kò ní jí láti sọ pé ó ń ṣe òun. Ní oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2024, wọ́n bá òkú àwọn ọ̀dọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nínú ilé tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀ ní Amassoma, ní Ìpínlẹ̀ Bayelsa. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n fura sí.

Ẹnì kan lè béèrè pé, ṣebí àwọn baba wa dáná sábẹ́ àjà, wọn kò sì kú? Ilé ìdáná wọn ṣí sílẹ̀, òrùlé koríko ń mí. Ilé ọkọ̀ alábùlọ́ọ̀kù kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣíṣí ilẹ̀kùn nìkan kò tó. Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ wà ní ìta, kí ó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 20 ó kéré tán sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí ẹnu èéfín rẹ̀ sì kọ ẹ̀yìn sí ilé, ti ẹni àti ti aládùúgbò. Bí òjò bá ń bà yín lẹ́rù, ẹ ṣe òrùlé kékeré tí kò ní ògiri fún un. Ẹ má jẹ́ kí ọkọ̀ máa ṣiṣẹ́ nínú ilé ọkọ̀, àní kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Bí orí bá ń fọ́ ju ẹnì kan lọ nínú ilé lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ jáde sí gbangba kíá, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ.

Ètò fún ọdún kan

Ní oṣù kejì sí oṣù kẹta, kí òjò tó dé, ẹ nu eruku ọyẹ́, ẹ yẹ ìṣó páànù wò, ẹ kó ìdọ̀tí inú gọ́tà. Láàrin òjò, ẹ jẹ́ kí ihò ògiri wà ní ṣíṣí, kí ẹ sì jẹ́ kí omi ara ọkọ̀ ro kí ẹ tó wà á wọlé. Ní ìgbà tí òjò bá dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, ẹ kó ẹrù síta kí oòrùn lè rí i. Ní oṣù kọkànlá, ẹ fi òróró pa irinṣẹ́, kí ẹ sì tún rọ́bà abẹ́ ilẹ̀kùn ṣe de ọyẹ́. Bí ọyẹ́ bá dé, àárọ̀ kùtù tí afẹ́fẹ́ kò tíì máa fẹ́ pupọ̀ ni kí ẹ ṣílẹ̀kùn.

Ẹni tí kò gbé ilé, kí ó fi kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ṣeé fọkàn tán, tí yóò máa wá ṣí ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Òjò tó ń rọ̀ kò bá ẹnìkan ṣọ̀tá, ẹni eji rí ni eji ń pa. Ilé ọkọ̀ tó ń mí, tí ẹrù rẹ̀ kúrò nílẹ̀, tí ẹ̀rọ eléèéfín sì wà níta rẹ̀, kò ní í fi òórùn aṣọ tútù kí onílé káàbọ̀ ní ọdún tó ń bọ̀.